Òṣì Tí Mo Fọ̀ Kúrò

"Òṣì yẹn ni mo fẹ́! Ta ló ní kó o fọ̀ ọ́ kúrò?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jágbe mọ́ mi nìyẹn. Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti ìkókó tí mi ò tíì rí. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́. Káfíńtà ti dí òrùlé tó ń jò.

Ọ̀rọ̀ bàtà kánfáàsì yín tí mo jogún ni. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ṣé oko ni mo ti ń bọ̀. Ni mo bá rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì, mo fi ọṣẹ ìfọyín ha etí rọ́bà rẹ̀, mo fi tíṣù wé e kó má baà pọ́n. Ó funfun báláú.

Àṣé ìkọ̀wé Bàbá ni mo fọ̀ kúrò. Ṣé ẹ rántí pé wọ́n fi báírò kọ "ọ̀tún" àti "òsì" sábẹ́ ahọ́n bàtà náà, kẹ́ ẹ má baà wọ̀ ọ́ sódì, tí wọ́n wá ṣèèṣì kọ "òṣì"? Ẹ ní, "Bàbá, ẹ ti ki òṣì bọ̀ mí lẹ́sẹ̀!" Àwọn gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Látìgbà tí wọ́n ti kú, ìkọ̀wé wọn kan ṣoṣo tó kù nílé nìyẹn. Màmá máa ń ṣí i wò. Mo rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n ń wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ ò ní fọwọ́ ara yín ba ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn jẹ́.

Kí n lè fìyà jẹ ara mi, sílípáàsì ni màá máa wọ̀ lọ síléèwé títí sáà yìí á fi parí. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, tíṣà á bi mí. Yàtọ̀ sí ẹ̀yin, ẹnì kankan ò ní gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu mi.