Àwọ̀n Tí Bàbá Mi Dí Nídìí

Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Yunifásítì Ìbàdàn,
Ìbàdàn.
9 Oṣù Kẹta, 1965.

Ọláníyọnu, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Abibat àbúrò rẹ ńkọ́? Èmi náà wà, mo dúpẹ́, àfi pé nígbàkigbà tí olùkọ́ bá ti wo apá ọ̀dọ̀ mi, mo máa ń rò pé wọ́n ti rí i pé àṣìṣe ni wọ́n fi gbà mí síbí.

Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ nípa Mùbàṣírù wa. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kan ní Amẹ́ríkà ti gbà á síṣẹ́, wọ́n ń sanwó fún un. Mùbàṣírù tí omi gbé bàbá rẹ̀ lọ, tó ń ju ẹja láti inú ọkọ̀ bàbá mi sínú agbọ̀n orí àwọn ìyá ní Makun-Omi! Ẹja tó bá bọ́ sómi, inú oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tàsé.

Inú gbogbo ayé dùn, àyà tèmi sì ń já. Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. O rántí ìdíje wa ní Japara lọ́dún 1962, tí òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan wá wo Mùbàṣírù, pé bó bá mọ̀ ọ́n gbá, òun yóò mú un lọ. Èèyi dá ọ dùbúlẹ̀ nígbà náà. Èmi ni wọ́n fi àwọ̀n tuntun méjèèjì pa mọ́ sí lọ́wọ́, mo sì gbé wọn lọ sílé kí olè má baà jí wọn. Bàbá mi rí wọn, wọ́n rò pé àwọ̀n ẹja ni. Wọ́n ní, “Bùsúyì, wọ́n fi àwọ̀n tó ya nídìí lé ọ lọ́wọ́, o sì dákẹ́?” Kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ti fi okùn tí wọ́n fi ń mú ẹja ńlá dí ìdí méjèèjì pa. Inú wọn dùn débi pé n kò lè sọ òótọ́ pé bọ́ọ̀lù ní láti bọ́ nídìí wọn. Mo ní n óò gé e ní Japara. Ọ̀bẹ tí mo mú lọ kò ran okùn náà rárá.

Mùbàṣírù ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó wọlé, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹyin. Rẹfurí yẹ ìwé òfin wò, kò rí nǹkan kan. Wọ́n pe Oyèbọ̀dé adẹ́mu kó fi igbà rẹ̀ gun òpó lọ yọ ọ́. Ó gùn ún, ó sì ń ti òkè kí àwọn àna rẹ̀ tó wà láàárín èrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, Mùbàṣírù kò lè dúró mọ́. Ó fò sókè, ó ki ọwọ́ bọ àwọ̀n, ó yọ bọ́ọ̀lù. Èyí tí àwọn ọ̀tá wa jù wọlé náà, òun ló ń bá wọn yọ ọ́. Òyìnbó náà pa ìwé tó fi ń kọ nǹkan dé. Ó ní òun ti rí àwọn tó ń jù ú sínú àwọ̀n, òun kò tíì rí ẹni tó ń lọ mú un wá. Bó ṣe mú un lọ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò pé okùn Bàbá ló gbé Mùbàṣírù dé Amẹ́ríkà, pé bí wọ́n bá gbọ́, wọn yóò dá a padà. Lóṣù tó kọjá, mo kọ̀wé jẹ́wọ́ fún un. Èsì rẹ̀ dé lánàá: “Bùsúyì, mo mọ kókó Bàbá. Mo ti rí i kí á tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ tó ibẹ̀ láti tú u, bí kì í bá ṣe èmi? Èmi ni mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ó ní kí Bàbá bá òun dí ìdí àwọ̀n mìíràn, òun fẹ́ gbé e kọ́ sí yàrá òun. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo jókòó, mo sì wá rántí pé ìdánwò mi ku ọjọ́ mẹ́fà.

Bá mi kí Màmá àti Abibat.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí àyà rẹ̀ ṣì ń já díẹ̀díẹ̀,
Bùsúyì.