Dẹ̀gẹ̀ tó ní Ojú Fọlákẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta 2025
Fọlákẹ́ ìyàwó mi kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta ọdún tó kọjá. Kíndìnrín ló pa á. Òní la ṣe ìrántí ọdún kan. N kò mọ̀wé. Laure, àbíkẹ́yìn mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó má fi iyọ̀ sí i.
Sàráà wa – dẹ̀gẹ̀ dídì, wàrà kíkan àti jéró nínú ọ̀rá. Igba ọ̀rá, àwòrán Fọlákẹ́ lára gbogbo wọn. Madeleine ará àdúgbò wa ní Savè, tó ń ta dẹ̀gẹ̀, ló ṣe é. Ó le bí òkúta. Àwọn Mùsùlùmí ń gbààwẹ̀, wọ́n gbé tiwọn lọ sílé fún ìṣínu. Àwọn yòókù gbé e lọ nítorí ojú rẹ̀. Èmi náà fi mẹ́rin sínú fírígò. N kò ní jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 17
Madeleine dé láàárọ̀. Kò jókòó.
Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun. Dẹ̀gẹ̀ yẹn ti bàjẹ́." Iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, wàrà yọ́, iná dé, Madeleine sì jẹ́ kó tún dì. Norbert ọkọ rẹ̀ jẹ ẹ́ – ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ olómi. Dókítà fura sí kòkòrò àìfojúrí. Yìnyín kì í pa kòkòrò náà, ó kàn ń sùn ni. Ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Parakou fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n Madeleine kò ní dúró de èsì. Ó fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ padà.
Mo ní, "Ta ló ń gba sàráà òkú padà? Ṣé kí ayé ní mo ṣahun sí ìyàwó mi?"
Ó ní, "Ẹ bú mi, Bàbá. Mo ń lọ."
Mo lé e jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Mo ṣí fírígò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tì í.

Ọjọ́rú, 19
Kamarou aládùúgbò mi wá. Kò-gbẹ̀bẹ̀ – orúkọ tí mo sọ Madeleine nìyẹn – ti dé ilé Kamarou. Ìyàwó Kamarou bú u: "Ta ló ń tajà tó ń ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́? Kí n sì da ojú Ìyá sórí ààtàn?"
Kò-gbẹ̀bẹ̀ lọ. Ó padà wá, tòun ti àlùmọ́gàjí àti abọ́ omi Javel tó ń pa kòkòrò. Ó gé àwòrán náà kúrò lára ọ̀rá, ó fọ̀ ọ́, ó fi ìró ara rẹ̀ nù ún gbẹ, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ẹ gba ojú Ìyá. Ẹ fún mi ní wàrà." Ó da wàrà náà sínú kòtò.
Kamarou ní, "Bọ̀dá, obìnrin lèyí o!"
Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti ilé dé ilé. Ó ti gun ọ̀kadà zémì dé Okpara.

Ọjọ́bọ̀, 20
Mo ránṣẹ́ pè é. Ó gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Mo ní kó sinmi. Ó ní àádọ́ta ṣì wà níta, àwọn kan sì ti tilẹ̀kùn mọ́ òun.
Mo wọ bàtà mi. Èmi ni mo ṣe sàráà, èmi ni mo lè gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Èmi àti Madeleine jọ lọ sí Adido, a lọ sí Sakin. Oòrùn. Àwọn tó kọ̀ fún un kò lè kọ̀ fún mi. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, òun ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Èmi ni mo ṣe àṣìṣe yìí." Kò dárúkọ iná. Mo ti pẹ́ láyé, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Èsì dé láti Parakou: kòkòrò wà níbẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlá ló ti jẹ ẹ́. Mẹ́rin ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó kú. Gbogbo ìyókù la ti gbà padà.
Barthélemy, àkọ́bí mi, pè láti Cotonou. Ó ń bínú. "Bàbá, ẹ má dá sí i. Obìnrin yẹn fẹ́ pa wá. Mo máa pe pólíìsì."
Barthélemy, mo ti darúgbó. Láti òní, ìrántí ìyá rẹ di tìrẹ. Yíyan ẹni tí yóò máa se oúnjẹ rẹ̀ di tìrẹ. Ọ̀rọ̀ Madeleine náà di tìrẹ. Bí o bá fẹ́ pe pólíìsì, pè é, n kò ní dí ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá sí Savè. Gun zémì lọ sí Sakin lọ́sàn-án gangan. Kan ilẹ̀kùn ọgọ́rùn-ún ilé, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ àṣìṣe tìrẹ ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ṣe é tán, pe pólíìsì.
Laure, fi ránṣẹ́ sí i bí mo ṣe sọ ọ́.