Ọkọ̀ Baálé Rì, Ìyàwó Ni Wọ́n Lé

Ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òyìnbó tí mo wà. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìnáwó ọjà àti wàhálà ilé. Rábíátù, ìyàwó Mùfú àbúrò mi, ti wà nílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti òpin oṣù tó kọjá, tòun ti oyún oṣù keje nínú. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù, àkọ́bí yín, ni wọ́n ní kí ó di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó bá àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ṣeré kọ̀ǹpútà, ó sì ka ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sójú tẹlifíṣọ̀n.

Mo mọ̀ pé inú ilé ló yẹ ká ti sọ ọ̀rọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti jáde kí n tó gbọ́ ọ. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ìyàwó kan dìde dúró, ó ṣẹ́ èpè fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ òyìnbó. Nígbà tí irọ́ ti dé ọjà, kò yẹ kí òótọ́ jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ àwọn oníwèé ìròyìn kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde.

Ẹnìkan lè sọ pé n kò sí níbẹ̀. Lóòótọ́, n kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn gbogbo yín. Nígbà tí rẹ́kọ́dà tí wọ́n fi ń gbé eré sínú kọ̀ǹpútà ti parí iṣẹ́ rẹ̀, Mùfú fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn sínú rẹ̀, ó gba eré ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà sílẹ̀ kí èmi náà lè bá yín rẹ́rìn-ín. Kásẹ́ẹ̀tì náà dé ọwọ́ mi kí ìròyìn tó dé. Mo ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ síbí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹ mọ̀ pé ilé ìfọṣọ ọsibítù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ ibùsùn aláìsàn ni mò ń ká. Inú ibẹ̀ gbóná bí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti jáde, òtútù á gbá a létí. Oòrùn ibí yìí a máa yọ, kì í mú ooru dání. Mo lè ti iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n má sì gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ Ajé.

Obìnrin ará Jàmáíkà kan tí a jọ ń ká aṣọ ló pè mí wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo bá àwọn ará ibi iṣẹ́ wa níbẹ̀, olúkúlùkù gbé oúnjẹ wá, wọ́n sì so kọ̀ǹpútà kékeré kan mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń gbà á ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wa gan-an wà láàárín wọn. A fi ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó tún padà jẹ́ ọ̀gá, kò sí ohun tó ṣe é. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín dénú láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Èmi nìkan ló sì ń ronú ilé láàárín ẹ̀rín, nítorí mo mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá ti kú, Bọ̀ọ̀dá àti Mùfú kì í jókòó sí yàrá kan náà àfi bí ìpàdé ẹbí bá wà. Mo ní bí ẹ̀rín bá lè kó wọn jọ, n ó fi ẹ̀rín ránṣẹ́.

Apá mi kò ká tuntun. Kọ̀ǹpútà àlòkù ni mo rà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọjà àlòkù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wá eré tí yóò bá yín mu. Inú kásẹ́ẹ̀tì bíi ti orin ni àwọn eré náà máa ń wà. Ọkùnrin tó ń tà wọ́n kò yé fi èyí tí wọ́n ti ń yìnbọn hàn mí, ó ní òun ni gbogbo ayé ń rà. Mo bi í pé ènìyàn mélòó ló lè ṣe é pọ̀. Ó ní ẹnìkan. Mo ní kì í ṣe ẹnìkan ló ń gbé ilé wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbé òmíràn wá. Èyí tó pọ́ọ́kú jù, tó sì gba èrò jù, eré ẹṣin ni, ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta lé àwọn ẹṣin náà lórí. Owó irọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ mo mọ ohun tí Àáfà tó múlé ti wa yóò wí, mo sì dá a padà. Òmíràn ń béèrè ìbéèrè nípa àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló kàn yín nínú ìyẹn? Ọ̀kan tún wà tó dára, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láìsí ọ̀pá méjì tí wọ́n fi ń darí eré, ọ̀pá náà sì wọ́n ju eré fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbẹ̀yìn mo rí eré ọkọ̀ ojú omi. Ènìyàn mẹ́fà lè ṣe é. Olúkúlùkù ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá kàn yóò sọ iye àpò aṣọ tó fẹ́ kó, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì forí lé odò. Ẹrù púpọ̀, èrè púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá pọ̀ jù tí ìjì sì dé, ọkọ̀ á rì. Ọmọdé lè ṣe é, àgbà lè ṣe é, ẹni tí kò kàwé lè jókòó kí ó máa pe iye tirẹ̀. Mo ra kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjì nítorí eruku Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ rántí pé ẹ̀yin fúnra yín ránṣẹ́ sí mi pé ẹ̀bùn náà dára, àfi ariwo rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi eré sínú rẹ̀, tó dà bíi pé òkúta bọ́ sínú ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ ní ní Sátidé, Bọ̀ọ̀dá a máa gbé àga tiwọn wá, Mùfú a sì jókòó sórí ẹní. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, mo sunkún ayọ̀.

Rábí ló ń bá yín tẹ̀ ẹ́, torí òun ló kọ́ táípù. Ẹ̀rọ náà a kọ́kọ́ béèrè orúkọ àwọn tí yóò ṣeré. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀, ọmọ dáadáa sì ni Rábí. Orúkọ tó fún yín nígbà tó wọlé ló tẹ̀ síbẹ̀. Ó tẹ Ìyá Wa fún yín, ó tẹ Adé Orí fún ọkọ rẹ̀, ó sì tẹ Baálé fún Bọ̀ọ̀dá. Mo gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá nígbà tí wọ́n rí i lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní ẹ̀rọ òyìnbó pàápàá mọ baálé. Inú wọn dùn gan-an ni.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ní kí wọ́n kó àpò márùn-ún fún yín, ẹni tó bá rọra rìn, ẹsẹ̀ kì í ṣẹ́ ẹ. Mùfú ní mẹ́wàá. Bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ béèrè iye tí Mùfú kó. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní kí Rábí tẹ márùndínlógún, ẹrù àgbà kì í kéré sí ti àbúrò. Rábí rọra sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ń fi ojú ọ̀run dúdú hàn o. Bọ̀ọ̀dá ní àgbà kì í sá fún atẹ́gùn. Ọkọ̀ wọn rì. Bọ̀ọ̀dá ní kí wọ́n tún un ṣe, Mùfú kó méjìlá, Bọ̀ọ̀dá kó ogún. Ó tún rì. Ẹ̀yin ń fi àpò márùn-ún yín lọ, ẹ ń bọ̀, ẹ sì ń jẹ èrè. Bó ṣe ń lọ títí nìyẹn. Mùfú pariwo pé ọ̀pẹ ni wọ́n, bí ẹni tí kò mọ ayò ta, ọ̀pẹ pátápátá, pé bó bá jẹ́ odò gidi ni, àwọn ẹja ì bá ti máa wọ léèsì tí Bọ̀ọ̀dá kó dànù. Ìyá mi, mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Ẹ rín títí ikọ́ fi gbà yín lẹ́nu.

Nígbà tí eré parí, ẹ̀rọ kọ èsì rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Rábí sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ìrọ̀lẹ́, ó kà á sí Yorùbá fún yín. Ó ní Ìyá Wa ló ṣe ipò kìíní, Adé Orí ló tẹ̀lé e, ọkọ̀ Baálé ti rì, Baálé ló gbẹ̀yìn. Kò fi ohun kan kún un. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kà á nígbà tí ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ rì lẹ́ẹ̀kan ṣáájú. Mo gbọ́ tí àga lọ́ nílẹ̀. Mo gbọ́ tí Bọ̀ọ̀dá béèrè pé ọkọ̀ ta ni ìyàwó ní ó rì. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan pa rẹ́kọ́dà.

Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń ka èyí. Ṣé kò sí ayò lábẹ́ igi iwájú ilé wa mọ́ ni? Ìṣojú mi ni ọkùnrin tó ń ta kẹrosíìnì ṣe máa ń pe Bàbá wa ní ọ̀pẹ, tó ń bi wọ́n bóyá ojú ń dùn wọ́n ni, Bàbá á sì rẹ́rìn-ín, wọ́n á bu obì fún un. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù fúnra wọn kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tí wọ́n ń pe àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá ní ọ̀pẹ níbẹ̀. Kò sí àgbà ní ìdí ayò. Ta ló wá sọ fún wọn pé àgbà wà ní ìdí kọ̀ǹpútà?

Ohun tó ń bí mi nínú kì í ṣe pé Bọ̀ọ̀dá bínú. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lè bínú. Mùfú ló pè wọ́n ní ọ̀pẹ; Mùfú ṣì ń sùn nílé. Ẹ̀yin lẹ rín jù. Ẹ ṣì jókòó sórí àga yín. Ọmọ ọlọ́mọ tó ka ohun tí ẹ̀rọ kọ, òun lẹ wò títí ó fi di ẹrù. Wọ́n ní ẹ sọ pé kí ó lọ sinmi díẹ̀. Ìyá mi, ìsinmi wo ni? Ẹ̀yin náà wọ ilé yẹn bí ìyàwó, ẹ mọ bó ṣe rí kí ènìyàn máa wo ojú gbogbo ilé, kí ẹnu kan ṣoṣo má là gbè é.

Bàbá Rábí kò fẹ́ wàhálà. Oníṣẹ́ awọ jẹ́jẹ́ ni. Mùfú ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà ní òun kò bá a jà, àmọ́ kì í ṣe ọkọ ló lé ọmọ òun, àwọn àgbà ilé ni. Kí àwọn àgbà ilé wá mú un. Bọ̀ọ̀dá ní àwọn kò ní rán ẹnikẹ́ni títí Rábí yóò fi wá bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yìí, oyún kò dúró. Bí ó bá bímọ sí Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni wọn yóò ti sọ ọmọ Bàbá wa lórúkọ, àwa yóò sì lọ bí àlejò, bí wọ́n bá tilẹ̀ pè wá.

Bọ̀ọ̀dá ti gbé kọ̀ǹpútà sínú yàrá tiwọn. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí n bá àwọn ra eré mìíràn, èyí tí ẹnìkan lè máa dá ṣe. N kò ní rà á.

Ẹ̀yin ni mo ń ránṣẹ́ sí, Ìyá mi. Kò sí àgbà mìíràn ní ilé yẹn tó ju yín lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́, ẹ lọ mú ọmọ yín wá. Ẹ má dúró de àkọ́bí yín.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ọwọ́ yín yóò gba ọmọ Rábí láyọ̀. Ẹ bá mi kí Àáfà, kí ẹ kí àwọn ìyàwó ilé, kí ẹ kí Mùfú. Mo kí Bọ̀ọ̀dá náà, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n.

Bí mo ṣe ń parí èyí, ọkùnrin ará Ọjà Igbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbí sọ fún mi pé òun rí yín ní gáréèjì kí òun tó kúrò nílé, nínú ọkọ̀ tó kọjú sí Ọ̀yọ́, ẹ gbé àpò lé itan. Ọkọ̀ ti gbéra kí ó tó lè kí yín. Kò mọ̀ bóyá ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni ẹ ń lọ ná, tàbí ilé oníṣẹ́ awọ, bàbá Rábí, ni ẹ ń lọ. Mo ti ní kí Mùfú fi tẹ́lígíráàmù dá mi lóhùn. Èsì rẹ̀ kò tíì dé.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù