Ta Ni O Fi Sẹ́nu Ọ̀nà Ìrẹsì Mi?

Ìgbẹmọ-Èkìtì

Dùnmínínú ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ooru Èkó. Kí Olúwa má jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Àdúrà ni mo fi ṣáájú, kí o má baà wí pé ìbínú ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Ara bàbá rẹ le, òjò ti dá, a sì ti sá ìrẹsì ọdún yìí tán. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á?

Mọ̀dínátù, oníbàárà mi ní Adó láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìkànnì tí o ṣí fún ìrẹsì mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló fà á. Èmi ni mo fi í ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù. Ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kí i pé ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àdúrótì. Inú rẹ̀ dùn, àfi ìgbà tí Nafeesah ọmọ rẹ̀ gba orí Fesibúùkù wọlé nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, tí wọ́n kí òun pé ẹ káàbọ̀, àlejò pàtàkì, a ti bá yín dín owó àpò àkọ́kọ́ kù. Wọ́n gbé fóònù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mọ̀dínátù bá pè mí, ó ní Ìyá Dùnmínínú, ẹ mà ṣé o, ó ní ṣé bí ẹ ti ń ṣe é ní Ìgbẹmọ nìyẹn, kí ẹ máa fi kíkí bọ́ ará ilé, kí ẹ wá dín owó fún àlejò? Ó ní kí n máa tà á fún Fesibúùkù.

Nígbà tí mo pè ọ́, o ní kì í ṣe ojúsàájú, pé ibi tí oníkálùkù gbà wọlé ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ bí wọn yóò ṣe kí i. Ta ló ń wò ó? Ọmọ ta ni o gbé jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìrẹsì mi? Ṣé ilé ènìyàn ni wọ́n ti tọ́ ọmọ náà? Nílé wa, ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni a kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún; àlejò tó gba iwájú ló ń dúró de àga. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lé e kúrò. Bí owó oṣù rẹ̀ bá kù, san án fún un, kí o sì kìlọ̀ fún un kó má ṣe kí ẹnikẹ́ni lórúkọ mi mọ́.

Fi owó ọkọ̀ ènìyàn méjì ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti ránṣẹ́ sí Mọ̀dínátù pé kí a jọ wá bá ọ ní Èkó. Kò tíì dáhùn, ṣùgbọ́n kò kọ̀. Ọkọ̀ kan náà ni a ó jọ wọ̀, ilẹ̀kùn kan náà ni a ó jọ kàn. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o jáde, òun ni kí o sì kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí, kí o tó kí èmi tí mo bí ọ.

Olúwa yóò fún ọ ní ọmọ tó mọ ènìyàn kí. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Àyọ̀kẹ́