Ìbò Ẹlẹ́ẹ̀kejì ní Ìpàtà

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, Bàbá Toyyib, pé ìbò ẹ̀ẹ̀kan lè má tó. Ọdún márùn-ún rèé tí ẹ lọ! Ọdún márùn-ún, àga yín ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé.

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí ẹ tó fi bírò sí mi lọ́wọ́. Ìwé tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nípa ìjọba lẹ fi kọ́ mi ní kíkà. Ibẹ̀ ni mo ti kà nípa ìbò ilẹ̀ Faransé: bí ẹnikẹ́ni kò bá ní ju ìdajì lọ, kí àwọn méjì tó ṣíwájú tún un dù. Ó tàn dé Sẹ̀nẹ̀gàl, ó dé Bẹ̀nẹ̀ tó bá Kwara wa pààlà, ó sọdá òkun dé Bràsíl. Ó wà nínú òfin tiwa náà, a ò kàn tíì fi yan ààrẹ rí. Ẹ ní ẹni tó ṣíwájú kọ́ ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ nígbà gbogbo.

Toyyib ti di olùkọ́ bíi tiyín. A ti kan òrùlé ilé tí ẹ fi sílẹ̀. Ìsọ̀ iṣu mi ní ọjà Ìpàtà ò tì.

Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ oníṣu fẹ́ yan olórí. Ẹ mọ àṣà wa: kálukú á tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. A jẹ́ márùndínláàádọ́rùn-ún. Èmi ní méjìdínlógójì, Asabe ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Kàdíját tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra láti ogún ọdún ní mẹ́rìndínlógún.

Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. "Ìyá Toyyib, àga ti di tìẹ, jókòó!"

Àga náà wù mí, Bàbá Toyyib! Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n ohùn yín ni mo gbọ́. Mo ní n kò tíì ju ìdajì lọ, kí wọ́n tún ìlà tò fún èmi àti Asabe.

Asabe bú sẹ́rìn-ín. "Alákọ̀wé wa! Ìwé yìí ló máa gba àga lọ́wọ́ ẹ."

Àwọn èèyàn Kàdíját pín sí méjì. Mẹ́rin wá sọ́dọ̀ mi, mọ́kànlá lọ sọ́dọ̀ Asabe. Méjìlélógójì sí méjìlélógójì! Ó ku Kàdíját nìkan. Ó kọjá lára mi, ó lọ tò sẹ́yìn Asabe.

Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo délé ló dùn mí jù, tí mo fẹ́ bi yín bóyá mo ṣe é bí ẹ ti kọ́ mi, tí mo bá àga lófìfo. Ta ni kí n bi? Ta ni kí n bi, Bàbá Toyyib?

Kí Ọlọ́hun fi Aljánnà kẹ́ yín. Àárò yín ò kúrò nínú ilé yìí, ìfẹ́ yín ò sì kúrò lọ́kàn mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo rí yín kẹ́yìn, ẹ wọ kẹ̀kẹ́, ẹ ń lọ sí iléèwé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà. Ẹ ò wẹ̀yìn.