Iṣẹ́ Tí Mo Kọ fún Màámi

Ọjọ́bọ̀, Fallowfield, nílùú òyìnbó.

Mo ṣe presentation mi lónìí lórí Kiribati, erékùṣù inú òkun Pacific. Mo ní ọkùnrin ibẹ̀ ló ń pẹja, pé ọ̀pọ̀ obìnrin wọn ò níṣẹ́. Tabita, ọmọ Kiribati kan ṣoṣo tó wà ní kíláàsì wa, rọra bi mí pé, "Ta ló wá ń ṣa ìṣáwùrú tá à ń jẹ, nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn?" Ó ní ìyá òun ni.

Ojú gbà mí tì.

Nínú fọ́ọ̀mù tí mo fi wá síbí, níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ ìyá mi, "ìyàwó ilé" ni mo kọ. Màámi tí èéfín gàrí ti ba ojú wọn jẹ́!

Kò sẹ́ni tí mo lè rò ó fún. Kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́rí nínú ilé àwa akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Mo bá pe Màámi.

"Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ mi. Gàrí ń bẹ lórí iná."

Wọ́n pa fóònù.