Méyọ̀ Tó Ń Gbé Òdòdó Kiri

Adébọ̀wálé àbúrò mi,

Mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀, orúnkún ló kù.

O di lọ́yà, o di méyọ̀, olórí ìlú, ní Jámánì, gbogbo àdúgbò Àrẹ̀mọ ń fi ọ́ yangàn. Èmi ò sí lára wọn. Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, níbi tí o ti gbé òdòdó fún ìyá òyìnbó kan tó pé àádọ́rùn-ún ọdún. O ní iṣẹ́ méyọ̀ ni. Màmá tí wọ́n ta aṣọ òfì wọn kí o lè kọ́ òfin, àwọn náà pé àádọ́rùn-ún ọdún lọ́jọ́ Àìkú. Fóònù ò kúrò lórí itan wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. O ò pè.

Mo fi fọ́tò náà hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé ìyá yìí ò bímọ ni?"

Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ pé méyọ̀ ni yóò wá kí ọ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bertha